Ìlú Ojúlùmọ̀

Ọjọ́ Ajé kan ni mo bínú sí obìnrin kan ní báńkì. Mo ti wà lórí ìlà fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní fọ́ọ̀mù tí mo kọ kò pé, kí n lọ kọ òmíràn wá. Mo gbóhùn sókè. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò fèsì. Ó kàn ti fọ́ọ̀mù tuntun sí mi láti abẹ́ gíláàsì, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn òbí ṣe ìpàdé ní ilé ìwé ọmọ mi. Mo pẹ́ kí n tó dé, àga kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbẹ́ obìnrin yẹn ni. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ọdún tó ṣáájú, èmi ò mọ̀. A jókòó ti ara wa fún wákàtí kan ààbọ̀, èjìká mi ń kan èjìká rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé parí, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ó ní, "Ó ti tán, mà. Ọ̀sẹ̀ yìí le fún gbogbo wa."

Nígbà tí mo ń gbé ìlú ńlá, irú nǹkan báyìí kò lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ tí n kò tún fojú kàn mọ́ láyé. Ìbínú mi ń lọ síbi tí omi òjò ń lọ. N kò mọ ibẹ̀, n kò sì béèrè. Ó ti pé ọdún 11 báyìí tí mo ti kó wá sí ìlú kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀, ohun kan ni màá sọ: ẹni tí o bá rí lónìí, wàá tún rí i. Gbogbo oore tí ìlú kékeré ṣe fún mi, inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti jáde. Gbogbo ohun tó sì fi dùn mí, inú ibẹ̀ náà ló ti jáde. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe, kí n to èyí tó dára sápá ọ̀tún, kí n to èyí tí kò dára sápá òsì.

Kí tiẹ̀ ni ìlú kékeré? Olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ló ní bó ṣe ń kà á. Ní Denmark, bí 200 èèyàn bá ti ń gbé pọ̀ lójú kan, ìjọba lè kà á sí ìgboro. Ní Japan, 50,000 ni òfin béèrè kí ibì kan tó gba orúkọ ìlú. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣirò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè jọ lò, òun náà sì fi ẹnu ààlà ìlú ńlá sí 50,000 èèyàn, pẹ̀lú àfikún pé kí wọ́n gbé súnmọ́ra tó 1,500 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó. Mo mọyì iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tèmi kò ní nọ́ńbà. Ìlú kékeré ni ibi tó tóbi débi pé o kò lè mọ gbogbo èèyàn tán, tó sì kéré débi pé bí wọn ò bá rí ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ máa béèrè rẹ.

A sì pọ̀. Òǹkà tí àjọ yẹn gbé jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ìdajì gbogbo ará ìgboro lágbàáyé ló ń gbé níbi tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 500,000. Àwọn tó wà ní ìlú àràbà, tí èrò ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ, kò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìlú lórí rédíò tàbí nínú ìwé ìròyìn, ìlú àràbà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó wà ní ìlú kékeré wà lójú ọ̀nà ni, kò tíì débi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí.

Àkókò ni mo bá wá síbí. Ní ìlú ńlá, wákàtí mẹ́ta ni mò ń lò lójoojúmọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, mo sì ti gbà pé báyé ṣe rí nìyẹn. Ọmọ Ítálì kan tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, Cesare Marchetti, kọ ọ́ ní 1994 pé láti ayébáyé, nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ ni ọmọ èèyàn ń fi ṣe àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Bí ohun ìrìnnà bá yára sí i, a kì í tètè délé. Ibi tó jìnnà sí i la máa ń lọ kọ́lé sí. Ó ní àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kì í fẹ̀ ju bíi kìlómítà márùn-ún lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, torí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé ní wákàtí kan nìyẹn. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ìlú mi. Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fi ń rìn láti ibi iṣẹ́ délé. Mo lè fẹsẹ̀ rìn ín já láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn kí wákàtí kan tó pé.

Mo rò pé màá fi àkókò tí mo jèrè kàwé gboyè kejì. N kò kà á. Ohun tí mo fi í ṣe ni pé lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti fún wa ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń lọ sílé bàbá mi, mo máa ń jókòó tì wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, kí n tó padà. Ojoojúmọ́. Ní ìlú ńlá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń rí wọn, bí mo bá sì dé, mi ò ní í mọ ohun tí a fẹ́ sọ, torí pé ẹni tí a kì í rí ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ ńlá nìkan la máa ń bá a sọ. Ẹni tí a ń rí lójoojúmọ́ la ń bá sọ̀rọ̀ kékeré, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ bàbá mi.

Ẹsẹ̀ tó ń yára tiẹ̀ ń dínkù fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Marc àti Helen Bornstein, fi aago díwọ̀n bí èèyàn ṣe ń rìn lójú títì ní ìlú 15 káàkiri àgbáyé, èsì rẹ̀ jáde ní 1976: bí èrò ìlú bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń yá tó. Ọdún kejì tí mo débí ni ọmọ mi sọ fún mi pé mi ò fà á lọ́wọ́ mọ́ tá a bá ń lọ.

Ṣùgbọ́n àkókò yìí, ẹni tó lè rìn tàbí tó ní ọkọ̀ ló jèrè rẹ̀. Ìlú kékeré máa ń le fún arúgbó tí ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́ láti wakọ̀, ó máa ń le fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó máa ń le fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Bọ́ọ̀sì wa, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ló ń kọjá. Wọ́n ní èrò kò pọ̀ tó ni. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọjá, ẹni tó bá lágbára a ra ọkọ̀. Nítorí pé wọ́n ń ra ọkọ̀, èrò inú bọ́ọ̀sì ń dín sí i. Bó sì ṣe ń dín, wọ́n tún ń yọ bọ́ọ̀sì kúrò. Nígbà tó bá yá, àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn nìkan ló máa kù níbùdókọ̀, ohùn wọn kì í sì í dún débi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Mo ka èyí sí àìdáa gbáà, kì í ṣe ìnira lásán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ojúlùmọ̀.

Ní 1970, Stanley Milgram, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ nípa ìhùwàsí èèyàn, mú òǹkà kan wá tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ní àárín Manhattan, ní ìlú New York, láàárín ibi tí ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ lè gbé èèyàn dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ọ́fíìsì rẹ̀, 220,000 èèyàn ló wà níbẹ̀ tó lè bá pàdé. Ní Newark, ìlú tó mọ níwọ̀n nítòsí ibẹ̀, 20,000 ni. Ní agbègbè kan lẹ́yìn odi New York, 11,000. Àlàyé tó ṣe ni pé ọkàn èèyàn kò lè gba gbogbo ìyẹn. Ará ìlú ńlá kì í ṣe òǹrorò; ó ń dáàbò bo orí ara rẹ̀ ni, bí a ṣe ń di etí bí ariwo bá pọ̀ jù. Wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti lọ máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, kí wọ́n ní àwọn sọ àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ nù, àwọn fẹ́ lo tẹlifóònù. Ní àwọn ìlú kékeré, ọ̀pọ̀ ló gbà wọ́n wọlé ju ti ìlú ńlá lọ.

Mo fẹ́ràn àlàyé yìí torí pé kò sọ wá di èèyàn rere. Àwa ará ìlú kékeré kò níwà ju àwọn tó kù lọ. Èèyàn tó yí wa ká ló mọ níwọ̀n, ọkàn wa sì ṣì ní àyè. Apoògùn tó wà ní òpópónà wa mọ oògùn tí ara ọmọ mi kò gbà. Kò wo ìwé kankan kó tó sọ fún mi. Obìnrin tó ń gbé òdìkejì mọ ìgbà tí mo máa ń ṣí fèrèsé. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi dúbúlẹ̀ tí n kò ṣí i, ó ti kan ilẹ̀kùn kó tó di aago mẹ́wàá.

Àmọ́ ẹni tó mọ ìgbà tí o ń ṣí fèrèsé, ó mọ ìgbà tí o kò ṣí i náà.

Ọdún kẹrin mi níbí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bò mí mọ́lẹ̀. Oorun dá, oúnjẹ ò wù mí, mò ń sunkún níbi tí kò sí ohun ẹkún. Mo mọ̀ pé ó ju kí n máa fara dà á lọ. Ibì kan ṣoṣo ló wà nínú ìlú tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Mo pe ibẹ̀, wọ́n fún mi ní ọjọ́, mo sì lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yọjú wo inú, mo rí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì tó ń gba aláìsàn wọlé. Ojúlùmọ̀ mi ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò gbọ́ ọ rí kó sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Kò tíì rí mi. Mo yí padà.

Oṣù mẹ́ta ni mo tún lò lẹ́yìn ìyẹn kí n tó wá ibòmíràn, ní ìlú kan tó jìnnà tó 90 kìlómítà, tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi bí ẹni pe orúkọ àlejò, tí ara sì tù mí pé àlejò ni mí. Oṣù mẹ́ta yẹn kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó hu ìwà búburú kankan níbẹ̀. Kò sí òfófó, kò sí ẹni tó dà mí. Bí ìlú ṣe kéré tó nìkan ló dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ṣètò ìlera bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: ní ìlú kékeré, ẹ má fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí ìtọ́jú ọkàn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà mìíràn wà, lórí fóònù ni o, tàbí dókítà tó ń ti ìlú mìíràn wá. Àwọn tó ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà kì í sí nínú òǹkà yín.

Ogiri létí, a mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ogiri ìlú kékeré tún ní ìrántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jalè lọ́mọ ọdún 19, ó pé 40 lónìí, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ bí nǹkan bá sọnù ní àdúgbò, mo máa ń rí i bí ojú àwọn àgbà ṣe ń lọ sápá ilé rẹ̀. Ìlú ńlá ì bá ti jẹ́ kó di ẹni tuntun. Ní ti pé kí èèyàn yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò rò pé ìlú kékeré lè bá ìlú ńlá dọ́gba láé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìṣirò ni, ẹ bá mi ṣe é. Ká ní ẹnì kan nínú 5,000 ló fẹ́ràn irú orin kan, tàbí ló ń sọ èdè kan, tàbí ló ní àrùn kan tí kò wọ́pọ̀. Ní ìlú tó ní 50,000 èèyàn, ẹni mẹ́wàá ni wọ́n. Nínú mẹ́wàá yìí, méjì lè jẹ́ ọmọdé, méjì lè má bára wọn sọ̀rọ̀. Ní ìlú tó ní mílíọ̀nù márùn-ún, 1,000 ni wọ́n, wọ́n lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè gba gbọ̀ngàn. Claude Fischer, onímọ̀ nípa àwùjọ, ló ṣàlàyé èyí ní 1975: ìlú ńlá kì í sọ èèyàn di ẹni tó yàtọ̀, ó kàn ń jẹ́ kí àwọn tó yàtọ̀ pọ̀ tó láti rí ara wọn ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ti tún un ṣe díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ orí fóònù kò lè bá ọ gbé àga.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò gba kí n pẹ́ lórí rẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé owó wà ní ìlú ńlá. Àwọn onímọ̀ físíìsì, Luís Bettencourt àti Geoffrey West, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ṣe ìdíwọ̀n ọ̀rọ̀ náà ní 2007: bí èrò ìlú bá di ìlọ́po méjì, owó iṣẹ́ àti àwọn ìhùmọ̀ tuntun máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn tó ń ṣí lọ kì í fetí sí ni apá kejì iṣẹ́ yẹn, pé ìwà ọ̀daràn àti àrùn tó ń ràn náà ń lé sí i ní ìwọ̀n tó jọ ọ́. Ìdí kan náà ló wà níbẹ̀: èèyàn ń pàdé èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń fún ara wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kó wá mọ̀ ni pé ní ìlú kékeré, ẹni tó lè gba irú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ síṣẹ́ lè jẹ́ ẹyọ kan. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jà, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni wàá fi sílẹ̀, ìlú ni. Ọ̀gá mọ èyí, òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n, owó oṣù pàápàá mọ̀ ọ́n. Tí ìwọ bá rí iṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ ńkọ́? Ìdílé méjì tí mo fẹ́ràn ti kó lọ nítorí ìbéèrè yìí nìkan. Ojúlùmọ̀ kò sì lè ranni lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi hàn ní 1973 pé ẹni tí a kàn mọ̀ díẹ̀ ló sábà ń mú ìròyìn iṣẹ́ tuntun wá, torí pé ó ń dé ibi tí àwa kì í dé. Ní ìlú kékeré, ibi kan náà ni gbogbo wa ń dé. Ohun tí o fẹ́ sọ fún mi, mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀.

Ó ku ìtàn bàbá mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo wọlé bí mo ṣe ń wọlé lójoojúmọ́, mo bá wọn nílẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbéra. Àrùn rọpárọsẹ̀. Aládùúgbò kan ti gbọ́ ohùn mi, ó sáré wọlé, ó ní òun kí wọn lójú fèrèsé ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, wọ́n sì dá òun lóhùn dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń béèrè nìyẹn: ìgbà wo ni wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá? Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè tú u, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe gbèdéke fún un. Kí wọ́n tó lè fún un, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya àwòrán inú orí, torí bó bá jẹ́ pé ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ, oògùn kan náà lè pa á.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kò ní ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì ṣe é kíákíá. Lẹ́yìn náà ni a dúró de áńbúláǹsì. Lẹ́yìn náà ni 140 kìlómítà. Nígbà tí wọ́n fi máa ya àwòrán orí bàbá mi tán, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ lù. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Àkókò ti kọjá.

Mo ti ro ọjọ́ yẹn síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ká ní ìlú ńlá ni, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ lè wà ní ogún ìṣẹ́jú sí wa. Ṣùgbọ́n ká ní ìlú ńlá ni, ta ló máa bá wọn nílẹ̀ lọ́sàn-án? Ta ló máa kí wọn lójú fèrèsé ní aago mọ́kànlá ààbọ̀? Alẹ́ ni mò ń délé nígbà yẹn. Ìlú yìí fún mi ní wákàtí mẹ́ta tó ṣeyebíye jù, ó sì gbà á padà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. N kò lè dárí jì í pátápátá, n kò sì lè kórìíra rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rọ kò fi sí níbẹ̀. Walter Christaller, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1933: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ kó tó lè dúró. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ lè dúró ní ìlú tó kéré. Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan láyé máa ń jókòó sí ìlú tó tóbi. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ pàápàá, àwọn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan léraléra ni aláìsàn wọn máa ń yè jù. Ìwádìí ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti 1979. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ bá bi mí pé ṣé kí òun kó wá sí ìlú bíi tiwa, màá ní kó kọ́kọ́ wo bí ilé ìwòsàn tó ní ohun èlò ṣe jìnnà tó, kó tó wo ẹwà ilé àti ìrọ̀rùn owó ilé.

Bàbá mi yè. Ẹsẹ̀ wọn padà, ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn nírọ̀lẹ́, àwọn awakọ̀ tó mọ̀ wọ́n sì máa ń dẹ ẹsẹ̀ lórí eré kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá.

Lóṣù tó kọjá, mo mú wọn lọ sí báńkì. Wọ́n fẹ́ gba owó wọn, ìbuwọ́lù wọn kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Obìnrin tí mo bínú sí lọ́jọ́ kìíní ló wà níbẹ̀. Ó rí wa láti ọ̀ọ́kán, ó dìde, ó jáde sí wa pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti tàdáwà ìtẹ̀ka. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà fún wọn, kì í ṣe fún mi. Kò rú òfin kankan. Ó kàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni, kò sí ìdí kí ó béèrè ẹ̀rí.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi parí. Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí ọkùnrin kan tí a bá lórí ìlà. Fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kún inú rẹ̀. Wọ́n ti ní kó lọ mú ẹ̀rí mìíràn wá nípa ibi tó ń gbé, pé ìwé tó mú wá kò tó. Kò pariwo. Ó kàn ń to àwọn ìwé rẹ̀ padà sínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo bàbá mi àti àga tí wọ́n gbé fún wọn. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo gbé wọ ìlú yìí ní ọdún 11 sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí.

Mo ní kí bàbá mi dúró díẹ̀. Mo lọ bá a, mo kí i, mo bi í léèrè àdúgbò tó ń gbé. Ó sọ fún mi. Kò ju òpópónà méjì lọ sí tiwa.